Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Mọ́tò Abẹ́rẹ́

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun tí a fi owó wa rà sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú òde. Àmín. Àdúrà yìí gan-an ni ọmọbìnrin télọ̀ kan ń gbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí oòrùn ń ta á lórí. Ó kúrú, ẹnu rẹ̀ sì mú, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Abẹ́rẹ́.

Mọ́tò rẹ̀ tuntun ni, irú èyí tí kì í mu epo, iná ló ń mu. Bàbá rẹ̀, àgbà káfíńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, jókòó síwájú. Àga onítáyà Bàbá wà nínú bùútù. Bùútù kọ̀, kò ṣí.

"Tẹ bọ́tìnnì yẹn dáadáa," Bàbá ní.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí, Bàbá mi. Ìka mi ti fẹ́ẹ̀ ṣẹ́."

"Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ńkọ́?"

"Kò ní ọwọ́ o."

"Ilẹ̀kùn tí kò lọ́wọ́! Háà!"

Abẹ́rẹ́ fóònù ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà. Kò pẹ́, ọkùnrin kan dé. Ó ga débi pé ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ kó tó lè rí ojú Bàbá ní fèrèsé.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Bátìrì kékeré tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló kú. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ni ó bá ki orí bọ inú mọ́tò, ó gun orí àga ẹ̀yìn, ó ń fi àyà fà bí aláǹgbá, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó okùn kan báyìí tí wọ́n fi pamọ́ sínú bùútù lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta, bàtà kan bọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, pàbó ló já sí. Ẹ̀rín bú jáde.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ohùn ọkùnrin náà dáhùn láti inú bùútù. "Ó tọ́ sí mi. Èmi ni mo yàwòrán ilẹ̀kùn yìí."

Bàbá yí ọrùn padà. "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ Ẹnjiníà yìí?"

"Èmi ni, sà."

Ó fa okùn náà, bùútù ṣí, wọ́n sì gbé àga Bàbá jáde.

Ilé-iṣẹ́ wọn ní ìlànà kan: lọ́dọọdún, ẹni tó bá yàwòrán nǹkan gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ̀lé àwọn tó ń tún un ṣe, kó sì gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tó ń lò ó. Bí Ẹnjiníà ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè nìyẹn, tòun ti ìwé kékeré.

"Ẹ sọ gbogbo ohun tó ń bí yín nínú nípa ilẹ̀kùn náà. Ẹ má fi ọ̀kan pa mọ́."

"Ṣé ìwé yín á gbà á? Ó dáa. Tó bá ṣí, á lọ sókè réré bí ẹni ń wá òṣùpá, àfi kí n fò kí n tó lè fà á wálẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, tí mo ṣí i, gbogbo omi orí rẹ̀ á dà sórí aṣọ oníbàárà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ère tí mo fi ń wọn aṣọ kò lè dúró níbẹ̀, ńṣe ni mo ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí aláìsàn."

Ẹnjiníà kọ gbogbo rẹ̀, kò jà á níyàn. Èyí ya Abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti rí ọkùnrin tó gbọ́ ẹ̀bi ara rẹ̀ tí kò wí àwíjàre.

Ní Tọ́sìdeè kejì, ó mú ìbéèrè kan ṣoṣo wá. Ní ìkẹta, Abẹ́rẹ́ bi í pé, "Èwo lẹ mú wá lónìí?"

"Ìbéèrè ti tán."

"Kí lẹ wá wá ṣe?"

"Ohùn yín ni mo wá gbọ́."

Máṣínì dákẹ́. Ojú ti Abẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé apá aṣọ tó ń rán.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ẹnjiníà a máa kì í pé, "Abẹ́rẹ́ mi, kékeré tó gún òmìrán lọ́kàn! Adúmáadán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọlọ́wọ́ ire tí í sọ àgékù di aṣọ ọba!"

"Ẹlẹ́nu dídùn. Ká ní o mọ ilẹ̀kùn ṣe bí o ṣe mọ ènìyàn kì, à bá má ti pàdé."

"Mo dúpẹ́ pé n ò mọ̀ ọ́n ṣe. Fẹ́ mi, olólùfẹ́."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí Bàbá mi kò bá lọ́wọ́ sí i, n ò ní lè lọ. Òun nìkan ló tọ́ mi dàgbà."

Bàbá kò lọ́wọ́ sí i.

"Ogójì ọdún ni mo fi kan ilẹ̀kùn," ó sọ fún Ẹnjiníà. "Kí n tó gé pákó, mo máa bi onílé pé ta ló máa ṣí i? Arúgbó ni àbí ọmọdé? Ìwọ, ta lo bi?"

Bàbá kò dúró kó dáhùn.

"O ò bi ẹnikẹ́ni. O lè gbàgbé ọmọ mi bẹ́ẹ̀ náà. Máa lọ."

Abẹ́rẹ́ sunkún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn rẹ̀. "Olúwa, àwọn méjèèjì ni mo fẹ́. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí n yan ọ̀kan."

Ní Sátidé, Ẹnjiníà padà wá. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní àga yín."

Ẹnu ya Bàbá, ṣùgbọ́n ó sún sórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin gíga náà jókòó sínú àga onítáyà, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó yí táyà lọ sẹ́yìn mọ́tò, ó tẹ bọ́tìnnì. Etí ilẹ̀kùn yọ jáde fìrì, díẹ̀ ló kù kó gbá a lẹ́nu. Ó fi ìkánjú yí padà sẹ́yìn, ó gun ìkòkò òdòdó Abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ti lọ sókè. Ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀ títí, kò tó o.

Ó jókòó, ó ń wo òkè.

"Bàbá, ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Nígbàkigbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ á tó o, èmi ni mo máa ń dìde nà án, torí pé èmi ló wà nítòsí jù. N ò pe ẹlòmíràn rí. Ẹ dárí jì mí."

Bàbá fọwọ́ pe ọmọ rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́," ó ní, "mú pẹ́ńsù tí mo fi ń fa ìlà sí pákó wá."

Sátidé márùn-ún ni wọ́n fi tún ilẹ̀kùn náà ṣe, pẹ̀lú ariwo. Bàbá fẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn sísàlẹ̀, níbi tí ẹni tó jókòó lè dì í mú, kí wáyà so ó mọ́ àgádágodo inú. Ó fẹ́ bẹ́líìtì tí wọ́n á fi fà á wálẹ̀. Ó fi igi gbẹ́ ọwọ́ náà, ó ní gọ́ọ̀mù lòun máa fi lẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, irin ni o. Gọ́ọ̀mù káfíńtà kò ní mú un."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Mo ti ń lo gọ́ọ̀mù kí wọ́n tó bí ẹ!"

Lọ́jọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ fà á, ọwọ́ ilẹ̀kùn já lé e lọ́wọ́. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó yọ ìwé kékeré rẹ̀, ó tẹríba.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀sùn yín nípa ọwọ́ ilẹ̀kùn yìí?"

Bàbá wo ọwọ́ igi, ó wo Ẹnjiníà. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omijé fi ń dà lójú rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, irin ti dé ibi tí irin yẹ. Wọ́n yọ bátìrì kúrò pátápátá. Bàbá yí àga rẹ̀ dé ẹ̀yìn mọ́tò, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á. Ilẹ̀kùn gbéra jẹ́jẹ́, ó dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró. Bàbá fi bẹ́líìtì fà á wálẹ̀, ó pa á dé. Ó tún ṣí i. Ó tún pa á dé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Abẹ́rẹ́ ń pàtẹ́wọ́, ó ń kọrin ọpẹ́.

"Ọ̀gá wa ní kí gbogbo àwọn ayàwòrán wá wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè," Ẹnjiníà ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i fún wọn, sà."

Bàbá tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó wo ọmọ rẹ̀, tí kò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, ó wá kọjú sí ọkùnrin gíga náà.

"Ṣé ìyá rẹ ń bẹ láyé?"

"Ó ń bẹ, sà."

"Mú un wá sílé mi lọ́la, kí àwa méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yín."