Ìwé Pélébé 330

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìwé pélébé mọ́kànlá tí mi ò kọ. Wọ́n ní èmi ni mo kọ wọ́n. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi lé mi, wọ́n sì lù ú ní òǹtẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ rò yìí ṣojú mi kòrókòró. Mi ò mutí, mi ò sì tòògbé lórí àga. Ẹni tó bá rí irọ́ kan níbẹ̀, kó wá fi ìka tọ́ ọ lójú mi.

Ilé tí mo ti ṣiṣẹ́, ìràwọ̀ òkun ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀dá tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi iyọ̀ ni, ó rí bí ìràwọ̀ tí ọmọdé yà sórí ìwé. Apá márùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn ní. Àwọn mìíràn ní mọ́kànlá, àwọn mìíràn ju ogún lọ. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà, lórí pẹpẹ irin láti ilẹ̀ dé àjà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgò. Òkú kọ̀ọ̀kan wà nínú ọtí líle tí kì í jẹ́ kó jẹrà, wọ́n sì fi ìda dí ẹnu ìgò pa. Nínú ìgò yẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ni ìwé pélébé rẹ̀ máa ń wà: irú ìràwọ̀ tó jẹ́, ibi tí wọ́n ti rí i, bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó, ọjọ́, àti nọ́ńbà tí ẹni tó kó o fún un. Pẹ́ńsùlù la fi ń kọ ọ́, torí ọtí á fọ yíǹkì dànù.

Agbálẹ̀ ni mo bá wọbẹ̀. Mi ò dé ilé ìwé rí. Ìwé pélébé tí wọ́n ṣì kọ, tí wọ́n jù sínú agbọ̀n, ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà. Nígbà tó yá, mo mọ̀ wọ́n ju àwọn tó gboyè lọ. Màá ka apá, màá wo ẹ̀gún ẹ̀yìn, màá wá ojú funfun kékeré tí omi ń gbà wọ̀ wọ́n lára, màá sì sọ irú èyí tó jẹ́. Ìyá Ìgò ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ kan bá ti rú wọn lójú, Ìyá Ìgò náà ni wọ́n ń wá.

Èmi ni mo mú àbúrò mi wọbẹ̀. Apẹ́lódò là ń pè é nílé, torí láti kékeré, bó bá ti rì sómi, ìyá wa á ti figbe ta kó tó yọrí. Wọ́n gbà á sínú ọkọ̀ ojú omi wọn. Òun ló ń wọ ìsàlẹ̀ lọ kó ìràwọ̀ wá. Kò mọ̀wé kọ. Èmi ni mo kọ́ ọ lórí tábìlì ìdáná, lálẹ́ lálẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi jọ tèmi bí ìbejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, eéje yín yìí tẹrí ba bí ẹni tó jẹ̀bi."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, aláìmoore."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn, torí ohun tó pa mí nìyẹn.

Oníkálukú tó ń kó ìràwọ̀ ló ní òǹkà tirẹ̀, nọ́ńbà kan fún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíì kì í lò ó, bó tilẹ̀ kú. Ti Apẹ́lódò dé 318. Ọkọ̀ padà dé láìsí i. Ọ̀gá wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté kan. Ẹni tó bá sá lọ, wọn kì í wá a. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ fún mi nínú àpò kan. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà nínú ẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè irú ẹni tó ń sá lọ tó fi bàtà sílẹ̀.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ní aago méjì ọ̀sán, mo ń nu eruku nídìí pẹpẹ kẹsàn-án. Ilé dákẹ́. Mo gbọ́ ìró kan.

Pọ́.

Ẹni tó bá ti fa ìràwọ̀ òkun tó wà láàyè kúrò lára gíláàsì mọ ìró yẹn. Ẹsẹ̀ wíńníwínní abẹ́ apá rẹ̀ ló máa ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Pọ́. Pọ́. Ṣùgbọ́n kò sí alààyè kankan nínú yàrá yẹn àfi èmi.

Mo yíjú. Nínú ìgò kan, ìràwọ̀ tó ti sùn sísàlẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá ti gun ara ìgò. Ó na apá méjì sókè. Ìwé pélébé méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ti pọ́n. Ọ̀kan funfun.

Ìda ẹnu ìgò kò sán.

Mo ka funfun náà láti ìta. Irú ìràwọ̀ tó kọ tọ̀nà. Nọ́ńbà, 319. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ̀ padà dé. Ìjìnlẹ̀ omi, mítà 47. Eéje náà tẹrí ba.

Mo lọ pe Bàbá Aṣọ́nà.

"Ta ló wọ ibí yìí?"

"Ta ni ì bá wọ̀ ọ́? Àwọn òkú yín ò gbàlejò."

"Ẹ wo èyí."

Ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Ìgò, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e. Èmi ò rí nǹkan kan o."

Láàárín oṣù márùn-ún, mẹ́wàá mìíràn yọ nínú àwọn ìgò mìíràn. 320, 321, títí dé 329. Ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀, ìró yẹn ló sì máa ń ṣáájú. Mo gbé máàpù òkun kalẹ̀, mo ń gún abẹ́rẹ́ síbi tí ìwé kọ̀ọ̀kan dárúkọ, bí a ti máa ń ṣe láti mọ ibi tí irú ìràwọ̀ kan tàn dé. Irú kan náà ni gbogbo wọn, ìràwọ̀ etíkun tí kì í gbé ibi tó jìn ju ọgbọ̀n mítà lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń kọ mítà 90. Ó ń kọ 170. Ó ń kọ 1,100. Abẹ́rẹ́ mi ń kúrò létíkun, ó ń lọ, kò yà síbì kan.

Inú bí mi. Mo ní ọmọ yìí ti gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Irú ìràwọ̀ yẹn ò lè sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo gún abẹ́rẹ́ kọkànlá ló tó yé mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ibi tí ìràwọ̀ wà ló ń kọ. Ibi tí òun wà ni.

Mo ká máàpù, mo gbé e lọ bá Ọ̀gá.

"Màdáámú, ọwọ́ yín rèé."

"Ọwọ́ àbúrò mi ni, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

"Ìda ò sán."

"Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè yọ́ ìda."

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ síbi abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn. Ẹ sì pa ibi tẹ́ ẹ ti kọ pé ó sá rẹ́. Ìyá wa ń ṣàìsàn. Ó rò pé òun lọmọ òun sá fún."

"Omi ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì mítà. Kí ni wọ́n fẹ́ fà jáde níbẹ̀?"

"Ohun tó bá kù, sà."

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè. Mo ní kó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó gbà, ó fẹ́ dójú tì mí. Ó mú ìgò kan wá, ìwé pélébé kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi da ìda sí i, ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìda náà, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wọ àpò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, lọ́sàn-án, ó pe èmi àti Bàbá Aṣọ́nà kí a wá ṣẹlẹ́rìí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìràwọ̀ náà ti gun ara ìgò. Apá márààrún ló nà sókè.

Òǹtẹ̀ Ọ̀gá wà lórí ìda, digbí. Ìwé pélébé funfun wà nínú ìgò, ó kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí mi. Etí rẹ̀ kan ṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nìkan ni mo rí kà. 330.

Ó gbé ìgò jáde sórí tábìlì, ó fọ́ ìda. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọtí, ó yọ ọ́. Ó kà á. Ó wá àga jókòó. Ó tún un kà. Ìwé pélébé ò gba ju ìlà márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló kọ, sà?"

Ó ká a, ó tì í bọ àpò àyà, tòun ti omi lára.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Mítà mélòó?"

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí kò sí ìgò kankan mọ́, mo gbọ́ ọ. Pọ́. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Bàbá Aṣọ́nà tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ò rí nǹkan kan," ló wí. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n já ìwé fún mi. Wọ́n ní mo kọ ìwé pélébé irọ́ mọ́kànlá. Mọ́kànlá ni wọ́n kọ. Wọn ò kọ méjìlá.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á lé e bá. Ọdún mẹ́ta rèé, òótọ́ tèmi ò tíì rí ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yàrá ìsàlẹ̀. Ìyá wa ti kú. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun sá fún òun. Mi ò bèèrè iṣẹ́ mi mọ́. Mi ò bèèrè ọkọ̀ mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè, ẹ̀yin Ọ̀gá ni mo sì ń bi, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ kà á. Kí ni àbúrò mi kọ sórí 330? Ẹ má sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Mo rí ojú yín. Mítà mélòó ló kọ? Àbí kò kọ mítà mọ́?

Ẹ dá mi lóhùn.