Ẹni tó di Sàká mú

Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Kambolé, ẹ béèrè. Oko tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà ní apá ọ̀nà tó lọ sí ibodè Benin. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn kò tíì kú tán. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín nínú wọn pé irọ́ ni. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. N kò ní fi nǹkan kan kún un.

Múdàṣírù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Kambolé ni, láti ilé àwọn oníṣu. Ó kàwé dé Lomé, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ó sì padà wá sí Sokodé nítorí pé ibẹ̀ ló ti rí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Hàjàrá ni ẹni náà, obìnrin àgbà kan tó ní síbà, ilé kọ̀ǹpútà kan, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá tẹ lẹ́tà, tí wọ́n sì ti ń fóònù. Ní ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń jọba lórí ilẹ̀ wọn láti ìgbà tí bàbá Múdàṣírù ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Àwọn ènìyàn a máa rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, kódà nínú yàrá ara wọn. Bí àlejò bá wọ síbà lójijì, ọ̀rọ̀ á yí sí ti òjò àti ti àgbàdo. Ó ti mọ́ wọn lára.

Iṣẹ́ Hàjàrá ni Múdàṣírù fi ń jẹun. Ó ní òmíràn tí ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló ní ètò ńlá kan tó ń darí àwọn ètò yòókù, ètò ńlá yìí sì ní kóró bí èso ṣe ní kóró. Kóró yìí ló ń sọ fún ètò kọ̀ọ̀kan pé kó ṣiṣẹ́, kó sinmi, tàbí kó kú. Àwọn kan wà káàkiri ayé, tí wọn kò rí ara wọn sójú rí, tí wọ́n jọ ń kọ irú kóró bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá fẹ́. Múdàṣírù wà lára wọn. Títọpa ni apá tirẹ̀. Bí ètò kan bá ń ṣe ségesège, ètò mìíràn á dì í mú, á dá a dúró síbi tó dé, á yẹ inú rẹ̀ wò, á sì máa mú un rìn díẹ̀díẹ̀ títí àṣìṣe á fi hàn. Òfin kan wà nídìí rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ di ètò mú. Bí ọwọ́ kan bá ti wà lára rẹ̀, kóró kò ní gba ìkejì.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà dé. Múdàṣírù ní ètò kékeré kan tó fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ètò yìí kò mọ̀ ju kó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, lọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ dì í mú. Kóró kọ̀. Ó ní ẹlòmíràn ti dì í mú.

Kò sí ẹlòmíràn. Ó yẹ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà wò. Ó pa á, ó tún un tàn. Ẹlòmíràn ti dì í mú. Ó béèrè pé ta ni. Kóró fún un ní nọ́ńbà kan. Kò sí ètò kankan tó ń jẹ́ nọ́ńbà náà.

Ó kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí àwọn rí. Wọ́n ní kó wá àṣìṣe ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á gbé oúnjẹ, á gbàgbé rẹ̀.

"Múdà, kí ló ń lé ọ?" Hàjàrá bi í.

"Kò sí nǹkan, Tàǹtí."

"Ẹni tí nǹkan kò lé kì í bojú wẹ̀yìn tó báyìí."

Òun náà kò mọ̀ pé òun ń bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó di Jímọ̀, Hàjàrá ti ilẹ̀kùn síbà ní ààbọ̀, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Múdàṣírù ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò lọ. Ó ti kọ ọ̀nà kan tó lè gbà rú òfin ọwọ́ kan, kí ọwọ́ kejì lè wọlé pẹ̀lú agbára. Ó fẹ́ mọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà ńlá ti dákẹ́. Kò sí zémíjàn, àwọn alùpùpù akérò, kankan lójú títì. Eruku ọyẹ́ bo ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà á wọlé pọ́n bí omi odò. Wọ́n ń pe ìrun lọ́wọ́. Ohùn ẹni tó ń pè é ń bọ̀ láti òkèèrè, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Múdàṣírù tẹ bọ́tìnì. Ètò náà dúró.

Ó yẹ inú rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ló yẹ kó bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló bá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe Faransé. Èdè Kambolé ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

*Iṣu yìí jinlẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ẹ̀gbọ́n Múdà, ta ló di ọwọ́ mi mú?*

Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Múdà. Sàká ni, àbúrò rẹ̀, tó ń ro oko bàbá wọn. Sàká kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Ó ní kí kóró tú ètò náà sílẹ̀. Kóró dá a lóhùn pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló dì í mú.

Ibẹ̀ ni Hàjàrá bá a nígbà tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Kò tíì bọ́ ìborùn rẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ó gbọ́ ọ, ó nà án sí Múdàṣírù.

"Múdà, èmi Àlàó ni." Àbúrò bàbá rẹ̀ ni. "Tchamba ni mo wá ti ń pè ọ́. Sàká ti dúró."

"Ó dúró síbo?"

"Lóko. Ó ní òun fẹ́ wa ìwọ̀nba tó kù kí òun tó lọ kírun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa iṣu kan, kò sì nàró mọ́. Ó ń mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. A fà á, kò yẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Wọ́n ń pe ìrun lọ́wọ́ ni."

Múdàṣírù gbé fóònù sílẹ̀. Hàjàrá ti wo ojú kọ̀ǹpútà náà. Kò gbọ́ èdè Kambolé dáadáa, ṣùgbọ́n ó rí ojú Múdàṣírù.

"Yọ wáyà rẹ̀ jáde," ó ní.

"N kò lè yọ ọ́, Tàǹtí."

"Kí ló dé?"

"Bí ètò bá kú níbi tí wọ́n dá a dúró sí, kì í jí mọ́."

Hàjàrá jókòó. Kò béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ètò àti ọ̀rọ̀ ènìyàn fi bára tan. Múdàṣírù fi bọ́tìnì tó ń tú ètò sílẹ̀ hàn án. Nítorí pé ìgbà ìpè ìrun ni Sàká dúró, ó bẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá ti pe Àlàásárì, kó máa tẹ̀ ẹ́, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó dá zémíjàn kan dúró, wọ́n gba ọ̀nà Tchamba lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Kí iná má lọ ní Sokodé.

Wọ́n ti pe Àlàásárì kó tó dé oko. Ó ti ń retí pé òun á bá àbúrò òun lórí ìdúró.

Sàká ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ọrùn iṣu kan mú, ara iṣu náà wà nínú ilẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyá wọn, dúró tì í, ó fi agboòrùn bò ó lórí. Àwọn ọkùnrin jókòó lọ́nà jíjìn díẹ̀. Eṣinṣin kan ń rìn lójú Sàká. Ojú náà kò ṣẹ́.

"Máà fà á," ìyá wọn sọ wẹ́lẹ́. "Bí a bá fà á, omi á bọ́ lójú rẹ̀."

Múdàṣírù kúnlẹ̀ nínú ebè. Ó gbé etí sí ẹnu àbúrò rẹ̀. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ti ẹni tó ń sùn. Ní abẹ́ èémí náà, ó gbọ́ nǹkan kan. Ó rọra ń dún. Ó fetí sí i dáadáa.

Ení, èjì, ẹ̀ta.



Oòrùn wọ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí pe Màgàríbì láti inú ìlú. Lójijì, Sàká fa iṣu náà jáde, ó gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ó nàró.

"Ẹ̀gbọ́n Múdà," ó ní, "ìgbà wo lẹ dé?"

Ìyá wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, agboòrùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Múdàṣírù mú àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ta ló dì ọ́ mú?"

"N kò rí ojú wọn."

"Kí ni wọ́n fẹ́?"

"Wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Sàká rìn síwájú díẹ̀ kó tó fèsì. "Ọ̀rọ̀ yín ni, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ ti rẹ ohùn sílẹ̀ sọ nílé látijọ́. Ẹni tí ẹ bá sọ ọ́."

"O sì sọ fún wọn?"

"N kò la ẹnu. Wọ́n kàn ń yẹ inú mi wò." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní àwọn ti ń wá ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn."

Nígbà tí Múdàṣírù padà dé Sokodé, Hàjàrá kò tíì kúrò nídìí ẹ̀rọ náà. Ó ní òun tẹ bọ́tìnì náà títí ìka fi ń ro òun, kò gbọ́. Nígbà tó di Màgàríbì, ètò náà tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án ní àsìkò náà. Múdàṣírù pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò ṣe iṣẹ́ náà mọ́, kí wọ́n má wulẹ̀ dúró de apá ti òun.

Wọ́n fèsì. Inú wọn dùn. Wọ́n ní apá náà, èyí tó ń gba ọwọ́ kejì wọlé, ti dé ọwọ́ àwọn ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn sì ti fi í sínú kóró. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ àwọn ènìyàn káàkiri ayé.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà, inú ebè ni Múdàṣírù kúnlẹ̀ sí.

Kò pẹ́ sí i tó fi Sokodé sílẹ̀. Ó lọ sọdá ibodè, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Benin. Kì í fi ìwé ránṣẹ́ sílé, kì í sì sọ ibi tó wà. Sàká ṣì ń ro oko ní Kambolé. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí i, ẹ ṣe sùúrù. Á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n fún òun láyè, kó tó jẹ́ yín.