Kọfí Inú Ọkọ̀ Òfuurufú Kasos

Àwòrán mímọ́ kò sí lára ògiri mọ́. Ìṣó rẹ̀ nìkan ló kù.

Fadá Temelis ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Rigopula, opó tó ti ń gbá ibẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Gbogbo erékùṣù Kasos, nílẹ̀ Gíríìsì, ti dá a lẹ́bi olè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ sí àtìmọ́lé ní Rhodes.

Wọ́n rán Sevasti, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, wá láti Karpathos, erékùṣù tó múlé tì í.

“Màmá, aago mélòó lẹ ti ilẹ̀kùn?”

“Mẹ́wàá. Àwòrán ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo nù ún. Mo padà dé lọ́sàn-án, kò sí mọ́.”

“Ṣé gbogbo inú ilé lẹ gbá?”

“Àfi ẹ̀yìn pẹpẹ. Ṣé obìnrin ń wọ ibẹ̀ ni? Àbí wọn ò tọ́ ẹ nílé?”

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn pẹpẹ. Láti inú ni wọ́n ti yọ ìdábùú rẹ̀. Ẹni tó jalè ti wà níbẹ̀ kí opó tó ti ilẹ̀kùn ńlá.

“Fadá, ẹ̀yin lẹ máa ń wọ ẹ̀yìn pẹpẹ.”

“Itẹ́ òkú ni mo wà láti aago mẹ́sàn-án, mò ń sìnkú. Lọ bi òkú léèrè!”

“Ta ló dúró lẹ́yìn ìsìn àárọ̀?”

“Vardakas, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé nípa àwòrán náà. Ó wọkọ̀ òfuurufú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ sí Karpathos. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn mí.”

Ọjọ́bọ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú Kasos tún máa ṣí. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún Sevasti ẹni tó wọkọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá Vardakas ní hòtẹ́ẹ̀lì Karpathos, níbi tó ti ń jẹ ẹja yíyan, ó sì bi í níbi tó wà láàárọ̀.

“Ọmọ mi, inú ìkùukùu ni mo wà. Mo mu kọfí. Mo kàwé. Òkun tẹ́ bí aṣọ àrán. Ogójì ìṣẹ́jú àlàáfíà!”

“Ta ló fún yín ní kọfí?”

“Arẹwà ọmọbìnrin kan.”

Sevasti rẹ́rìn-ín. Kò sọ “ẹ̀yin” mọ́.

“Kìlómítà bíi méjìlélógún ló wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ìyá mi ò tíì ní ṣe àmì àgbélébùú ẹ̀ẹ̀kẹta tán tí táyà á fi kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tú bẹ́líìtì, áḿbọ̀sì kí wọ́n gbé kọfí wá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti ka ogójì ìṣẹ́jú, àwọn tí ò mọ Kasos ló kọ ọ́ síbẹ̀. O ya ọ̀lẹ títí dé inú irọ́. Ṣí báàgì ẹ.”

Ó ti wé àwòrán náà sínú ṣòkòtò tó fi ń sùn.

“Mo sá sẹ́yìn pẹpẹ,” ni Vardakas wí. “Mo mọ̀ pé opó yẹn ò ní wo ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ọ̀sán ni mo bá wá.”

“Kí ló dé?”

“Mo ti kọ ọ́ síwèé pé ó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Lọ́jọ́ Sátidé mo yí àwòrán náà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ayàwòrán ti kọ ọdún tó yà á síbẹ̀. Kò tó igba ọdún.”

“Nítorí ìwé?”

“Ìwé yẹn ni gbogbo ayé mi!”

“Ayé opó yẹn ńkọ́?”

Ó ní òun ò rò ó débẹ̀. Agbálẹ̀ ṣáà ni.

Fadá Temelis fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ padà fún Rigopula, àwọn ará abúlé tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ gígùn kan jọ nípa ìdáríjì. Rigopula gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Ẹ lọ gbá a fúnra yín lónìí, Fadá. Ọ̀la ni mo ń bọ̀.”