Wọ́n Ní Wúlẹ̀mọ̀tù Ló Pa Á

Olúbọ̀dé jẹun yó, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ọgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàìsàn.

Kí oòrùn tó mú, gbogbo ayálégbé Festus ní Okumagba Layout ti mọ ẹni tó pa á: Wúlẹ̀mọ̀tù, opó ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ. Festus ti fi owó epo rọ̀bì tí wọ́n san fún un ra jẹnẹrétọ̀, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé Olúbọ̀dé kí gbogbo àdúgbò lè máa gbọ́ ọ. Wúlẹ̀mọ̀tù ti pariwo mọ́ Festus pé èéfín yẹn á pààyàn.

"Na you talk say person go die!" Agatha, ìyàwó Festus, nawọ́ sí i lójú. "Na you kill am!"

Mary, ayálégbé kan, búra pé òun rí ẹyẹ òru lórí òrùlé. Ẹyẹlé tí Zachariah, ayálégbé bíi tirẹ̀, ń sìn ni. Zachariah fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀, ó ń mi orí bí aláǹgbá.

Wúlẹ̀mọ̀tù pòṣé.

Lọ́jọ́ kejì, Mary yọ́ bá a lẹ́yìn balùwẹ̀. "Ìyá, èmi ò gbà á gbọ́ o. Àwọn yòókù ni."

Zachariah náà yọ́ wá. "Màmá, ẹ má bínú. Gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀, kí lèmi nìkan fẹ́ sọ?"

Wúlẹ̀mọ̀tù ń wò ó bó ṣe ń yọ́ lọ. Ì bá sàn kí wọ́n kórìíra òun tọkàntọkàn.

Nígbà tí wọ́n pé jọ láti lé e jáde, ó bi wọ́n pé, "Mary, kí lo wí fún mi lẹ́yìn balùwẹ̀? Zachariah, ìwọ ńkọ́?"

Mary wolẹ̀. Zachariah ní òun ò bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ariwo ìwúkọ́ ló dá wọn dúró. Babáyẹmí, àbúrò olóògbé, tó ń sinmi nínú yàrá Olúbọ̀dé, rá jáde, ó ń bì, ó sì dákú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni; díẹ̀ ló kù kó pa òun náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé Wúlẹ̀mọ̀tù ò mọwọ́mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ni Festus, ta ló máa bá a wí? Mary bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé Agatha ló fi ẹ̀mí àjẹ́ darí èéfín náà wọ yàrá.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ò rí i?" ló bi í.

Agatha dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ayé ń yà fún un. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé àpótí, ó lọ jókòó tì í.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ o," ló wí. "Àwọn wọ̀nyí ni mi ò lè bá jókòó."