Fídíò Tí Aṣọ́gbó Fún Ní Mẹ́wàá

Fídíò náà fi ìṣẹ́jú kan gùn sí i nígbà tí Aṣọ́gbó lọ jẹun ọ̀sán.

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tó dìde. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣọ́ igbó kì í gbé nǹkan lé orí nìkan. Nígbà tó padà dé, tó nu ẹnu, tó jókòó, méjìlá ló bá níbẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò. Méjìlá ni.

"Ìyá Oníyọ̀," ó pe obìnrin tó wà ní tábìlì kejì, "ṣé fídíò máa ń dàgbà?"

"Ọmọ ló ń dàgbà, Bàbá. Fídíò ń gbó ni." Obìnrin náà kò gbójú sókè. Fídíò oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ tirẹ̀, òun ló ń sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Oníyọ̀ nítorí pé gbogbo ìdájọ́ rẹ̀ ló máa ń parí sí "iyọ̀ kò tó," bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè tọ́ fídíò wò.

Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà, nínú ilé kan tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ máa ń ronú kó tó gbéra. Fídíò táwọn èèyàn ń gbé sórí ayélujára ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀, wọ́n sì ń gba àwọn tó mọ iṣẹ́ láti sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Èyí tó bá ti kan bí èèyàn ṣe lè yè nínú igbó, Aṣọ́gbó ni wọ́n ń gbé e fún láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Yóò fún un ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá, yóò kọ ìdí rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan nísàlẹ̀, gbogbo ayé yóò sì rí i.

Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ó ti rí ọkùnrin tó ń fi igi méjì ra ara wọn dáná, tí páálí ìṣáná yọrí lápò rẹ̀: òdo. Ó ti rí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilé alájà méjì sínú ilẹ̀, tí èékánná wọn sì mọ́ ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ: òdo, "ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ ọṣẹ wọn." Obìnrin kan ní ẹni tó bá pàdé ejò kó kàn wò ó lójú: òdo, "ejò náà ń wò ó." Máàkì tó ga jù tó fi sílẹ̀ rí ni méje. Ìyá àgbà kan ló gbà á, tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, tó ní ẹni tí kò mọ igbó kó jókòó jẹ́ẹ́.

Àfi fídíò tó ń dàgbà yìí. Láti ọjọ́ Ajé ló ti fún un ní mẹ́wàá.

Ọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Kò sọ̀rọ̀. Ní ogójì ìṣísẹ̀ ogójì ìṣísẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, ó sì ń kọ orí ẹ̀ka náà sí ibi tó ti ń bọ̀. Ó gba ẹ̀bá òkúta olórí mẹ́ta kan kọjá, ó dé etí adágún kan, ó wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹranko wà níbẹ̀. Kò rí ọ̀kan, kò mu omi náà. Oòrùn ṣì wà ní àtàrí nígbà tó ti ń tẹ́ ibi tí yóò sùn. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo. Aṣọ́gbó fúnra rẹ̀ kì bá tí ṣe é dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é ní kàyéfì ni ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ewé gbígbẹ kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà la odò kọjá, àwòrán náà tẹ̀ lé e la odò kọjá, kò mì, omi kò sì ta. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ta ló fi í ránṣẹ́. Wọ́n wá a títí. Wọ́n ní kò sí olùfiránṣẹ́, pé ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Ó tẹ ìṣẹ́jú kejìlá. Ọkùnrin náà lóṣòó lórí iyanrìn etí odò, ó fi igi kọ lẹ́tà ńláńlá mẹ́rin, ó dìde. Ó tán.

MA BO.

Ìyá Oníyọ̀ na ọrùn. "Kí ló ní kí wọ́n má bo? Ìkòkò?"

"Kì í ṣe ìkòkò."

"Ó lè jẹ́ máa bọ̀. Ó sì lè jẹ́ má bọ̀. Àwọn èèyàn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀tá ìlú ni wọ́n."

Aṣọ́gbó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo lẹ́tà O náà. Ẹni tó kọ ọ́ kò mú orí rẹ̀ pàdé ìdí rẹ̀. Ó já a sílẹ̀ níbi tó kù díẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Aṣọ́gbó ti rí O yẹn rí. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì sọ fún Ìyá Oníyọ̀ pé orí ń fọ́ òun.

Nírọ̀lẹ́, òun àti àbíkẹ́yìn rẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbélé. Ọmọbìnrin náà ń gé gíláàsì awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan, ojú rẹ̀ sì mú débi pé ó máa ń rí eérú lórí ẹ̀wù aláwọ̀ eérú.

"Bàámi, mo ń lọ sí igbó lọ́la."

"Igbó wo?"

"Igbó tí ẹ ṣọ́. Òkúta olórí mẹ́ta tó wà nínú fídíò yẹn, ẹ̀yin lẹ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí ní kékeré. Mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dán ohun tí ọkùnrin yẹn ń kọ́ni wò."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan. Ẹ̀yin lẹ fún un ní mẹ́wàá, Bàámi. Mo din ẹyin fún yín lọ́jọ́ sí, mẹ́fà lẹ fún mi."

"Ẹyin náà jóná."

"Ó tiẹ̀ ti ń pe èèyàn báyìí. Ẹ ò rí ohun tó kọ lọ́sàn-án? Máa bọ̀."

"Má bọ̀ ni."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé àmì wà lórí rẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ ò rí nǹkan. Bí kò bá fẹ́ ká wá, kí ló ń ṣẹ́ ẹ̀ka sílẹ̀ fún?"

Aṣọ́gbó ní èsì. Ṣùgbọ́n èsì náà ti pé ọdún méjìlélógún nínú rẹ̀, kò mọ ọ̀nà ẹnu mọ́.

Aṣọ́gbó méjì ló wà ní àgọ́ inú igbó náà nígbà yẹn, òun àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Yárakọ, nítorí kì í fi àmì sórí ohun tó bá kọ. "Àmì ń gba àsìkò," ló máa ń wí. "Ẹni tó gbọ́n yóò mọ ohun tí mo ní lọ́kàn." Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, Aṣọ́gbó dé àgọ́, ó bá ọ̀rọ̀ méjì lára ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́: MA BO. Ó kà á sí má bọ̀. Òjò ti ń kán, ilé sì ń wù ú. Ẹni tí ilé bá ń wù, kì í pẹ́ rí àmì tó ń wá. Ó padà, ó lọ sùn. Yárakọ kò dé lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án wá a, wọn ò rí fìlà rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló tó sọ sí Aṣọ́gbó lọ́kàn pé ó lè jẹ́ máa bọ̀ ni, pé ọkùnrin náà ń retí òun níbì kan, pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Kí àwọn olùwádìí tó dé, ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu ilẹ̀kùn. Wọ́n bi í bóyá Yárakọ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní rárá. Láti ìgbà náà ni kò ti kọ ohunkóhun láìfi àmì sí i. Bó bá kọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ pé kó ra ọṣẹ bọ̀, àmì á bo ìwé náà bí eṣinṣin.

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ ti bá bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ. Ó fi ìwé sórí tábìlì: *Mo ti lo. E ma binu.* Ó lè jẹ́ pé ó ní kí bàbá òun má bínú. Ó sì lè jẹ́ pé ó ní kó máa bínú lọ. Aṣọ́gbó ṣe èkejì.

Fóònù ọmọ kò lọ. Ó pe nọ́ńbà àgọ́ aṣọ́gbó. Ẹni tó gbé e ń ta bẹ́ẹ̀dì, ó ní wọ́n ti kó àgọ́ yẹn kúrò lọ́jọ́ tó ti pẹ́, ó sì ní bẹ́ẹ̀dì òun kì í tẹ̀. Bọ́ọ̀sì mìíràn kò sí títí di ọ̀sán, ìrìn wákàtí mẹ́ta sì ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tó fi lè rí inú igbó náà. Ó gba ọ́fíìsì lọ. Kò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. Kò sí àyè fún ohun tó ń ronú.

Ìyá Oníyọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ayélujára kì í sinmi lọ́jọ́ Sátidé. Aṣọ́gbó ṣí fídíò náà. Ó ti di ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Iyanrìn yẹn náà ni, ẹ̀yìn yẹn náà ni, MA BO sì wà nílẹ̀. Nígbà tó yá, bàtà méjì wọ etí àwòrán, okùn ẹsẹ̀ kan funfun, ti èkejì ní àwọ̀ ewé. Ohùn jáde. Òun ni ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ nínú fídíò náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ó ka ohun tó wà lórí iyanrìn. "Máa bọ̀. Ó dáa, mo ti dé."

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí òdìkejì odò, níbi tí igi ti pọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi dé ilẹ̀. Bàtà olókùn funfun bọ́ sínú omi.

"Bàbá," Ìyá Oníyọ̀ rọra wí lẹ́yìn rẹ̀, "ọmọ yín kọ́ nìyẹn?"

Aṣọ́gbó tẹ àpótí ìdájọ́. Kò fo àmì kankan. *Yárakọ, èmi ni. Èwo lo kọ nínú rẹ̀? Fi àmì sí i. Ọmọ mi nìyẹn.* Ó fi ránṣẹ́.

Nínú fídíò, ọkùnrin náà gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn. Ó wá lóṣòó, ó mú igi, ó sì ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ dúró tì. Ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí A. Ó há A mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi àmì òkè sí i. Ó fi kíní kan tó rí roboto sí abẹ́ O, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí rẹ̀, ó sì pa ẹnu O náà dé.

MÀÁ BỌ̀.

"Màá bọ̀," Ìyá Oníyọ̀ kà á sókè. "Ti ara rẹ̀ ló ń sọ. Kò pe ẹnì kankan, kò sì lé ẹnì kankan."

Ọdún méjìlélógún ni Aṣọ́gbó fi gbé ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà kà á kiri. Kò ronú kan ẹ̀kẹta rí, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbogbo ayé ń kọ sára ilẹ̀kùn nìyẹn bí wọ́n bá ń jáde. Yárakọ kò ké pè é. Ó kàn ní òun ń lọ, òun á padà ni. Ara tu Aṣọ́gbó débi pé ó di tábìlì mú.

Ìtura náà kò pẹ́. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, tí kò sì tíì dé, ó ṣì wà lójú ọ̀nà.

Lójú kọ̀ǹpútà, bàtà náà jáde kúrò nínú omi. Ọkùnrin náà ju igi nù. Fídíò tán síbẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù fi dún. "Bàámi, mo ti ń padà bọ̀. A ti wà nínú bọ́ọ̀sì." Kó tó béèrè àwọn wo ni "a," fóònù ti já.

Aago mẹ́rin, oòrùn kún pálọ̀, ọmọ rẹ̀ wọlé. Ara rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì tutù.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ mọ̀ ọ́n," ó ní. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bí ẹni tí aláìsàn sùn sí yàrá kejì. "Ó fẹ́ mú mi lọ wo ibi tó ń sùn, ló bá ní ẹnìkan ń pe òun. Ló bá ní ká máa lọ."

"Ó bá ọ wọ bọ́ọ̀sì?"

"Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kò tiẹ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kò lè ju ọgbọ̀n lọ. Mo rò pé ọmọ ọ̀rẹ́ yín ni." Ó wo ẹ̀yìn, síbi ilẹ̀kùn tó pa dé. "Ó wà níta. Ó ní òun ò ní wọlé bí ẹ ò bá dáhùn ìbéèrè kan. Ó ní, ta ló nu ilẹ̀kùn?"

Omi ń kán nínú ilé ìdáná. Aṣọ́gbó lè ní òjò ni. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ìgbà kan tó já sí irọ́ pátápátá. Ó wo ọmọ tí wọ́n dá padà fún un.

"Èmi ni," ó ní.

Ọmọ náà jáde lọ jíṣẹ́. Kò pẹ́. Ó padà wọlé, ó fajú ro díẹ̀, bí ẹni tí ohun tó gbọ́ kò yé.

"Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ò wọlé mọ́. Ó ní kí ẹ wọ bàtà."

Aṣọ́gbó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti ọ́fíìsì dé. Ó sì ti so okùn rẹ̀ ní ìdì méjì méjì, bí ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn.