Téèpù Pupa Lábẹ́ Ṣùtánà Funfun

Lọ́jọ́ tí Gbọ́njúbọ́lá kọ́kọ́ fojú kan Sanmí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá, orí ìkúnlẹ̀ ló bá a létí pápá Akanran, níwájú agbábọ́ọ̀lù kan tí itan rẹ̀ ki bí igi ìrókò. Ó ń lẹ téèpù pupa mọ́ itan náà jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń fi àdí pa ọmọ tuntun lára.

Eré ni Gbọ́njúbọ́lá ń sá bọ̀ ní tirẹ̀, irú eré tí òjìji rẹ̀ gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà kó tó lè bá a. Bí eruku rẹ̀ bá sọ, àwọn adìyẹ á rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n á wọlé lọ sùn. Ó yẹ kó máa wo iwájú, ṣùgbọ́n Sanmí ló ń wò. Ló bá fẹsẹ̀ kọ, orúnkún tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ sì gbá ilẹ̀ gbì!

Sanmí sáré dé. "Arábìnrin, ṣé ilẹ̀ yìí lẹ fẹ́ rà ni, tẹ́ ẹ fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ gbé mi dìde ná, kẹ́ ẹ tó fi mí ṣẹ̀sín!"

Ó tẹ orúnkún náà wò. Ó gé téèpù, ó fi sísọ́ọ̀sì gé igun rẹ̀ roboto, ó fà á díẹ̀ bí rọ́bà, ó lẹ̀ ẹ́ yí orúnkún ká, ó wá fọwọ́ ra á títí tó fi mú.

"Ṣé yóò wò mí sàn?"

"Rárá o. Á kàn di ibẹ̀ mú díẹ̀, kí ìrora lè rọlẹ̀. Ìsinmi gan-an ni oògùn."

Gbọ́njúbọ́lá rìn wò. Orúnkún fúyẹ́. Àyà rẹ̀ ló wá ń lù kì-kì-kì, kò sì sí téèpù fún ìyẹn.

Látọjọ́ náà, Sanmí ń wọkọ̀ láti Ẹgbẹ́dá wá sí Akanran débi pé àwọn awakọ̀ mọ oríkì ìyá ìyá rẹ̀. Ó ń tọ́jú orúnkún, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, ìfẹ́ ń ta gbòǹgbò.

Bàbá Gbọ́njúbọ́lá, Àpọ́sítélì Ògúnlọlá, ni olórí ìjọ Kérúbù àdúgbò, òun náà ló sì ń lu agogo ìjọ. Bó bá lù ú ní Akanran, àwọn tó ti kú sí Ifẹ̀ á yí ara padà. Lọ́jọ́ ìsìn kan, bí wọ́n ṣe ń jó yí ìjọ ká láìwọ bàtà, atẹ́gùn gbé etí ṣùtánà Gbọ́njúbọ́lá. Téèpù pupa yọ síta gbangba!

Pupa! Nínú ìjọ tí wọn kì í wọ pupa! Orin dákẹ́. Ìyá àgbà kan figbe ta: "Wọ́n ti so ọmọ yìí mọ́lẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí téèpù náà kúrò. "Ta ló so oògùn ìfẹ́ yìí mọ́ ọ lẹ́sẹ̀?"

"Bàbá mi, téèpù ni. Àwọn eléré ìdárayá ló ń lò ó. Sanmí tó ń tọ́jú orúnkún mi ló lẹ̀ ẹ́."

"Téèpù tí mo mọ̀ kì í mú ọmọ rẹ́rìn-ín lójú oorun! Sanmí yẹn ò gbọdọ̀ tẹ ilé mi."

Gbọ́njúbọ́lá sunkún débi pé àwọn àgbẹ̀ rò pé òjò àkọ́rọ̀ ti dé. Ẹni méjì tilẹ̀ ti gbin àgbàdo.

"Ṣé ká sá lọ ni?" Sanmí bi í lórí fóònù.

"Mo mọ eré é sá, Sanmí, àmọ́ n ò lè sá fún bàbá mi. Bí wọn ò bá gbà, ó parí nìyẹn."

Kò pẹ́ sígbà náà ni agogo dákẹ́. Èjìká Àpọ́sítélì ti kọ̀, ọwọ́ kò ròkè mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìjọ sùn gbàgbé. Gbọ́njúbọ́lá ló sọ fún Sanmí.

Sanmí dé. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Téèpù funfun báláú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo Ìbàdàn ni mo wá a dé, bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ kì í lo pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé èyí á wò mí sàn?"

"Rárá, sà. Á kàn mú kó rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sinmi. Tí kò bá lọ, ká lọ rí dókítà."

Bàbá wò ó títí. "Ẹni tó ń ṣe oògùn ìfẹ́ kì í sọ pé ọjà òun ò wo àrùn." Ó ṣí èjìká sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Sanmí tó fọwọ́ kàn án, bàbá ti gbàdúrà, ó sì ti da omi ìyàsímímọ́ sí èjìká náà wàà. Téèpù kọ̀, kò lẹ̀!

"Bàbá, àdúrà ti wọlé," ni Sanmí wí jẹ́jẹ́, ó ń fi aṣọ ara rẹ̀ nu omi. "Ẹ jẹ́ ká wá nu èyí tó kù níta."

Àpọ́sítélì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ téèpù pupa. Nígbà tí èjìká gbẹ, téèpù funfun lẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá gbé agogo lé Sanmí lọ́wọ́. "Ìwọ lo ní kí n sinmi. Lù ú."

Ó lù ú bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́. Síbẹ̀ gbogbo Akanran jí.

"Kó àwọn èèyàn rẹ wá," ni bàbá sọ lẹ́yìn ìsìn, "kí wọ́n wá tọrọ ọmọ."

Lábẹ́ igi ọsàn, Sanmí gé téèpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi yí ìka Gbọ́njúbọ́lá ká bí òrùka, ó fọwọ́ ra á títí tó fi mú.

"Èyí á bọ́ tí mo bá wẹ̀."

"Ìfẹ́ mi, èyí tí kì í bọ́ ń bọ̀."

"Yára o, Sanmí mi! Bí oòrùn ṣe mú yìí, n ò lè pẹ́ kí n tó wẹ̀."