Bàbá Síìpù

Àpò tí síìpù rẹ̀ bàjẹ́ ló gbé ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Kò tíì kí mi tán tí ọmọbìnrin mi fi já àpò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Eyín méjì ló yẹ̀," ọmọ náà wí, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ojú tì mí. Ọkàn ọmọ yìí kì í dúró sójú kan, ẹjọ́ rẹ̀ ti sú olùkọ́ rẹ̀ í rò. Àmọ́ bó bá ti rí síìpù, ó parí nìyẹn. Ọkùnrin náà kàn rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. "Ọ̀gá mi, ẹ kọ́ mi." Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Kò pẹ́ tó fi di ará ilé, tí ọmọ mi ń pè é ní Bàbá Síìpù. Ó mọ̀ pé a kì í pariwo pe ọmọ mi, èjìká la ń fọwọ́ kàn. Pé iṣẹ́ kan ṣoṣo la ń rán an lẹ́ẹ̀kan. Eyín síìpù ló fi kọ́ ọ ní ìṣirò.

Gbogbo oníbàárà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí ni ọmọ mi máa ń lé: "Ó ti tán, ẹ máa lọ." Kò sọ ọ́ fún Bàbá Síìpù rí.

"Adúmáadán mi," ni ọkùnrin náà máa ń wí, "ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́."

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkùnrin náà ń bọ̀ wá wò wá, ó yọ́ gbé páálí tí ọmọ mi ń kó síìpù rẹ̀ sí pamọ́ sínú àpò rẹ̀, kí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́. Kò sọ fún mi. Àlejò ò tíì mu omi tí ọmọ fi tú gbogbo ilé, tó fi igbe bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé èyí lo fẹ́ kó wọlé fún mi?" ìyá rẹ̀ bi í.

Mo ń retí kó ṣàlàyé bí ọmọ náà ṣe rí. Ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìyá ọmọ ló kẹ́ ẹ bàjẹ́."

Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ. Tèmi tàn mí jẹ.

Ìyá rẹ̀ lọ tán, ó dọ̀bálẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, èmi ni mo gbé páálí náà pamọ́. Ìtìjú ló mú mi."

"Mo ṣì fẹ́ràn rẹ," mo wí, omi ń dà lójú mi. "Ká ní o ò mọ ọmọ yìí ni, ǹ bá forí jì ọ́. O mọ̀ ọ́n."

Ọmọ mi jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ṣí àpò, ó mú páálí rẹ̀, ó rọra fa síìpù pa dé òpin, ó yẹ eyín rẹ̀ wò. Ó wá gbé àpò náà lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Ó ti tán, ẹ máa lọ."